Dísù Dín Nínú Táǹkì: Ta Ló Jí I?

  Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ẹni tó ní táǹkì epo nínú ọgbà: ẹ̀yin onílé ìwòsàn, ẹ̀yin onílé ìtura, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ onílé ní ẹ́sítéètì. Ó kan àwa tí a kò ní táǹkì pẹ̀lú, nítorí pé inú kànga wa ni epo tó bá sá kúrò lọ́gbà aládùúgbò ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ra dísù, ó ní kí wọ́n fi lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé, ọmọ tó ń tan jẹnẹrétọ̀ dé, ó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, dísù ti ń tán lọ." Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ta ló ń sùn síbẹ̀ lóru? Ta ni wọ́n rí tó gbé kẹ́ẹ̀gì jáde lọ́jọ́ Sátidé? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ní kí ọmọ kó ẹrù rẹ̀.

Mi ò sọ pé wọn kì í jí dísù o. Wọ́n ń jí i, ẹ̀yin náà mọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí epo bá dín, ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè kí ẹ tó bi ènìyàn. Olè tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì, ọjọ́ kan lọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́. Ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ nísàlẹ̀ táǹkì lè máa gbé epo lọ fún ọdún kan gbáko kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, nítorí pé yanrìn ló ń mu ún, yanrìn kì í sì í rojọ́.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní táǹkì gbọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní Hawaii, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1940 sí 1943, wọ́n gbẹ́ inú òkè kan tí wọ́n ń pè ní Red Hill, wọ́n sì kọ́ táǹkì epo 20 síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan táǹkì yìí ń gba gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀. Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 lábẹ́ wọn ni omi wà, omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará ìlú Honolulu ń mu. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n ń fi páìpù gbé epo ọkọ̀ òfuurufú láti ibì kan sí ibòmíràn, àṣìṣe wọ̀ ọ́, páìpù yọ, epo tú jáde. Wọ́n gbá a, wọ́n fà á, wọ́n ní àwọn ti kó o tán. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò bára mu. Nǹkan bí 20,000 gálọ́ọ̀nù kò sí níbi tó yẹ kó wà.

Ibo ló lọ? Páìpù oníke kan wà lókè níbẹ̀ tí wọ́n ṣe fún omi àti fóòmù tí a fi ń pa iná. Inú rẹ̀ ni epo sá sí. Ó jókòó síbẹ̀ láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kọkànlá, ó ń wúwo, páìpù ń tẹ̀ wálẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gùn nínú ihò òkè náà gbá fáàfù páìpù yìí, fáàfù fọ́, epo dà yàà. Ó rọ́nà dé kànga tó ń fún àwọn bárékè lómi. Nǹkan bí 93,000 ènìyàn ló ń lo omi yẹn. Ìyá ọmọ ṣí ẹ̀rọ omi láti wẹ ọmọ, òórùn epo ló kí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n fa gbogbo epo ibẹ̀ jáde, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ pa pátápátá.

Ẹ wò ó, àwọn tó ní ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn. Ìwé ìṣirò ti pariwo fún wọn fún oṣù mẹ́fà, wọn kò dá a lóhùn. Nítorí náà, kí n tó sọ̀rọ̀ irin àti sìmẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ ìwé ni màá kọ́kọ́ sọ.

Ẹ ra ìwé kan, ẹ so bíírò mọ́ ọn. Ẹ wá ọ̀pá ìwọ̀n tó tọ́, tí wọ́n ti fín lítà sí lára, èyí tí wọ́n ṣe fún táǹkì tiyín gan-an. Ọ̀pá táǹkì ẹlòmíràn kò lè sọ òótọ́ nípa tiyín. Láràárọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, kí wọ́n ki ọ̀pá bọ inú táǹkì, kí wọ́n kọ iye tó wà. Lálẹ́ tí wọ́n bá pa á, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ iye wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́. Bí jẹnẹrétọ̀ yín bá ń mu lítà 10 ní wákàtí kan, tó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà, 60 ló yẹ kó dín. Bó bá jẹ́ 85 ló dín, 25 nílò àlàyé.

Èyí tó ń dùn mọ́ mi jù ni ìwọ̀n alẹ́ sí òwúrọ̀. Ẹ̀rọ wà ní pípa, kò sẹ́ni tó lo epo, ọ̀pá wá ní epo dín. Bó bá dín lálẹ́ Ọjọ́ Ajé, tó dín lálẹ́ Ìṣẹ́gun, tó tún dín lálẹ́ Àìkú tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà nílé, tí iye tó ń dín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Olè máa ń sinmi, ihò kì í sinmi. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹnì kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló ń dín, èyí yẹn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Ó dáa. A ti mọ̀ pé epo ń jò. Ibo ló ti ń jò?

Ìsàlẹ̀ táǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú ọ̀run wa ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù yìí kún fún ọ̀rinrin; ilẹ̀ á ṣú, inú táǹkì á tutù, ìrì á sẹ̀ sára irin nínú lọ́hùn-ún, á sì ṣàn lọ sísàlẹ̀. Omi wúwo ju dísù lọ, abẹ́ epo ló ń lọ jókòó sí. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ irin láti inú jáde. Ẹni tó dúró níta ń wo ọ̀dà tó ń dán, kò mọ̀ pé ìpẹtà ti ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí fáàfù kékeré fi máa ń wà níbi tó rẹlẹ̀ jù lára táǹkì: ẹ máa fi fa omi yẹn jáde sínú garawa lóòrèkóòrè. Ẹ má sì gbé táǹkì lé ilẹ̀ gbalasa. Ẹ gbé e lé orí ìdúró tó ní ìpìlẹ̀ gidi, kí ojú lè rí abẹ́ rẹ̀. Táǹkì tí ẹ kò lè wo abẹ́ rẹ̀, ẹ̀ ń bá a ta tẹ́tẹ́ ni. Ní Norilsk, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ìpìlẹ̀ ló rì lábẹ́ táǹkì ilé-iṣẹ́ iná kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020; dísù tó tó 21,000 tọ́ọ̀nù ló tú jáde, odò tó wà nítòsí sì pọ́n.

Páìpù ló kàn. Láti ara táǹkì dé ara jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí páìpù wà níta gbangba tí a ti lè rí i. Bíríkìlà fẹ́ kí ilẹ̀ dán, á ní òun á rì í mọ́ sìmẹ́ǹtì kó lè lẹ́wà. Ẹ má gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ táǹkì tòkunbọ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé owó le. Mo mọ̀ pé ẹni tó rí táǹkì tí ilé-iṣẹ́ kan lò tẹ́lẹ̀ rà ní ìdajì owó á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1988, ní Floreffe, nítòsí ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, táǹkì ńlá kan tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Ashland bẹ́ sí méjì. Táǹkì náà ti tó ọmọ 40 ọdún. Ìpínlẹ̀ Ohio ló wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n kó irin rẹ̀ wá sí Pennsylvania, wọ́n tún un jó pọ̀. Ó yẹ kí wọ́n rọ omi kún un dẹ́nu kí wọ́n tó fi epo kàn án, kí wọ́n rí i bóyá yóò dúró. Omi ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ péré ni wọ́n rọ sí i, nínú táǹkì tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 48. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá rọ dísù sí i tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, àbùkù kékeré kan nítòsí ojú ìjópọ̀ irin là, ìlà yẹn sáré lọ sókè, gbogbo ẹ̀gbẹ́ táǹkì sì ya. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin gálọ́ọ̀nù tú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó fò kọjá lórí odi tí wọ́n mọ yí i ká, ó bá gọ́tà òjò dé odò Monongahela. Ó lé ní 700,000 gálọ́ọ̀nù tó wọ odò náà, ó bá a dé odò Ohio, omi mímu nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn sì wọ wàhálà.

Ẹ ra tòkunbọ̀ bó bá di dandan. Ṣùgbọ́n kí wẹ́dà tó dá irin mọ̀ wo gbogbo ojú ìjópọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rọ omi kún un dẹ́nu kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kó jò omi sàn ju kó jò dísù lọ.

Ti àwọn onílé epo tí táǹkì wọn wà lábẹ́ ilẹ̀, màá kàn fọwọ́ kàn án ni, nítorí pé òfin àti àyẹ̀wò tiwọn gùn. Ẹ kàn rántí Baruwa, ní Ìpájà níbí l'Ékòó. Láti àwọn ọdún 1990 ni bẹntiróòlù ti ń bá omi jáde nínú kànga àwọn ará ibẹ̀. Páìpù epo tó gba abẹ́ àdúgbò wọn kọjá ló jò, kì í ṣe táǹkì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Epo tó bá wọlẹ̀ lónìí, ọmọ tí wọn kò tíì bí lè bá a nínú omi.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìgbà tí epo ń wọlé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń dà. Táńkà dé, awakọ̀ ń kánjú, ó ṣì fẹ́ dé ibi mẹ́ta mìíràn. Ó ki ọ̀pá rọ́bà bọ ẹnu táǹkì, ó ní kí ọmọ tan pọ́ǹpù. Ọmọ tàn án, fóònù dún, ó bọ́ sábẹ́ igi láti gbọ́ ọ. Awakọ̀ fẹ̀yìn ti táyà, ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbúròó rẹ̀, dísù ti ń ṣàn lórí táǹkì. Ẹ ti rí i rí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú rẹ̀ jó ọgbà epo kan kanlẹ̀. Buncefield ni wọ́n ń pe ibẹ̀, nítòsí Hemel Hempstead. Ọjọ́ Àìkú kan ni, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 2005. Páìpù ń rọ bẹntiróòlù sínú táǹkì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 912 láti alẹ́ Sátidé. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, gèéjì dúró sójú kan, epo ṣì ń wọlé. Súìṣì mìíràn wà tó yẹ kó dá epo dúró bó bá ti kún jù. Súìṣì yẹn ní ọwọ́ kan tí àgádágodo kékeré gbọ́dọ̀ dì mú kó tó lè ṣiṣẹ́. Àgádágodo kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń lò ó rò pé nítorí olè ni wọ́n ṣe fi í kún un. Táǹkì kún, ó ń ṣàn, èéfín bẹntiróòlù bo gbogbo agbègbè, nígbà tó sì di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú kan, ó bú gbàmù. Ó lé ní 40 ènìyàn tó fara pa. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tó fi jẹ́ àárọ̀ Àìkú, kò sẹ́ni tó kú. Ìgbà tí wọ́n wá wádìí, wọ́n rí i pé gèéjì yẹn ti dúró gbagidi nígbà 14 láàárín oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ń tún un ṣe, ó ń tún dúró, iṣẹ́ ń lọ.

Dísù kì í tètè gbaná bíi bẹntiróòlù, mo mọ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa: ẹ má fọkàn tán gèéjì nìkan. Kí táńkà tó rọ ohunkóhun, ẹ ki ọ̀pá, ẹ ṣírò. Táǹkì yín gba lítà 5,000. Ẹ má kún un ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn 4,750, nítorí pé oòrùn ọ̀sán á mú epo fẹ̀ sí i. Bí 1,500 bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, 3,250 ni kí ẹ gbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó ṣí fáàfù. Kí ẹni méjì dúró, ọ̀kan lẹ́nu táǹkì, ọ̀kan nídìí pọ́ǹpù, kí fóònù wà nínú ọ́fíìsì. Awakọ̀ á bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí lè já wa kulẹ̀. Nítorí èyí la ṣe ń mọ odi yí táǹkì ká, kí epo tó bá jáde má lè jáde kúrò lọ́gbà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà láti àwọn ọdún 1970 pé ọgbà tí àpapọ̀ táǹkì orí ilẹ̀ rẹ̀ bá ju 1,320 gálọ́ọ̀nù lọ, tí epo rẹ̀ sì lè dé odò, gbọ́dọ̀ ní irú ààbò yìí. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bí lítà 5,000 ni, táǹkì ilé ìtura kékeré kan.

Odi náà gbọ́dọ̀ lè gba gbogbo epo inú táǹkì tó tóbi jù, kó sì ṣẹ́ ku ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Fún táǹkì 5,000, ẹ wá odi tó gba 5,500 ó kéré tán. Odi tó gùn ní mítà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tó ga ní ìdajì mítà, lítà 6,000 ló gbà. Ó tó. Àmọ́ òjò oṣù Keje ń bọ̀. Bí omi bá ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá nínú odi yẹn, lítà 1,200 ti wà níbẹ̀, àyè tó kù sì jẹ́ 4,800. Odi yín kò tó mọ́. Ẹ fi páànù bò ó. Bí ẹ kò bá lè bò ó, ẹ mọ ọ́n ga sí i.

Bulọ́ọ̀kù lásán kì í dá epo dúró. Ẹ rọ kọnkéré kún inú ihò rẹ̀, ẹ rẹ́ ẹ nínú àti lóde, ẹ sì dí ibi tí páìpù bá ti la odi kọjá pinpin. Ní Buncefield, odi wà níbẹ̀. Ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ló là nínú iná, epo àti fóòmù panápaná sì gba ibẹ̀ wọlẹ̀.

Ó ku ìyọnu kan tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Odi gbọ́dọ̀ ní ibi tí omi òjò ń gbà jáde, fáàfù sì máa ń wà níbẹ̀. Òjò rọ̀, ọlọ́dẹ ṣí i kí omi lè lọ. Ó yẹ kó dúró tì í, kó wò ó bóyá epo ń dán lójú omi, kó sì tì í padà. Kò dúró. Ó ṣí i sílẹ̀ láti oṣù Keje títí di ọdún tuntun, ó ní wàhálà ti pọ̀ jù. Odi dúró, ọ̀dà rẹ̀ pupa, wọ́n tiẹ̀ kọ "Ẹ má mu sìgá níbí" sí i lára, gọ́tà ìjọba sì ni ó ń gbè. Nǹkan ẹ̀tàn ni irú odi bẹ́ẹ̀.

Bó bá wá dà náà ńkọ́? Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ ti fáàfù, ẹ pa gbogbo iná. Ẹ fi àpò yanrìn dí gọ́tà kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn. Ẹ da yanrìn tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó lé epo, kó mu ún, kí ẹ kó o sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ má gbé omi àti ọṣẹ dé ibẹ̀: ọṣẹ kò pa epo run, ó kàn ń tì í lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò ni. Òfin ọdún 2006 tó dá NOSDRA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo tó bá dà ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní kí ẹni tí epo dà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀wé sí wọn láàárín wákàtí 24. 500,000 náírà ni ìtanràn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi dákẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ tó bá wá sọ pé òun rí epo nílẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn tó kù. Bí ẹ bá nà án lẹ́gba ọ̀rọ̀, bó bá tún rí i, á fi yanrìn bò ó, á dákẹ́.

Lónìí tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́, kí ẹ tó mu tíì, ẹ rìn lọ sẹ́yìn ọgbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo fáàfù ara odi yẹn. Bó bá wà ní ṣíṣí, ẹ tì í, ẹ fi àgádágodo kọ́ ọ, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀.